Wọ́n Ní Orin Bọ́lá Kò Ní Baba

Nígbà tí egungun mi ṣì le, tí mo lè fẹsẹ̀ rìn láti Òkìtìpupa dé Ìkọ̀yà kí n sì padà wálé lọ́jọ́ kan náà… Ẹ gbé fóònù yẹn sórí àga. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́ mi lẹ́nu. Ohùn mi ò tíì kéré tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ ní kí n sọ ìtàn ilé ìtẹ̀wé orin tí bàbá yín àgbà dá sílẹ̀. Màá sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má retí pé màá máa rẹ́rìn-ín bí mo bá ń sọ ọ́. Inú ń bí mi. Ó ti pẹ́ tó ti ń bí mi, n ò sì fẹ́ kí ó rọ̀ kí n tó kú, torí bí èmi náà bá gbàgbé, ta ló kù?

Tíṣà ni mí nígbà náà. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ, níbí yìí, ní Òkìtìpupa. Mo sì ń kọrin áátò, ohùn ìsàlẹ̀ ti àwọn obìnrin, nínú kọ́yà ìjọ wa. Bàbá yín àgbà ni ọ̀gá akọrin. Tíṣà lòun náà. Gbogbo ìlú ló ń pè é ní Tíṣà, èmi tí mo sì jẹ́ aya rẹ̀, Tíṣà ni mo pè é títí ó fi kú.

Orin tí à ń kọ láyé ìgbà yẹn, orin òyìnbó ni. Àwọn kan ló kàn mú ọ̀rọ̀ Yorùbá, wọ́n fi wọ orin náà bí ẹni fi ẹ̀wù ọmọdé wọ àgbàlagbà. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti ń sọ̀ kalẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni orin yóò ti máa gòkè. Ọ̀kan wà tí a máa ń kọ nígbà ìkórè. 'Ìgbà ayé wa, Olúwa ló ni ín.' Ọ̀rọ̀ tó dára ni, àbí? Ṣùgbọ́n bí orin ṣe gbé e, 'igbá ayé wa' ló ń jáde lẹ́nu wa. Igbá. Igbá tí ẹ fi ń bu omi.

Bàbá akọpẹ kan wà, ará Òde-Ayé, ó wá bá wa ṣe ìkórè lọ́dún kan. Bí a ṣe jáde, ó pàdé Tíṣà lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, 'Tíṣà, mo gbọ́ pé Olúwa ti gba igbá wa. Ẹ bá wa bẹ̀ ẹ́ kó fi igbà sílẹ̀, òun la fi ń gun ọ̀pẹ.'

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Tíṣà kò rẹ́rìn-ín. Ó wálé, mo gbé púpurú, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tiwa, síwájú rẹ̀, ó kàn ń wò ó. Ó ní, 'Ìyá Bọ́lá, orin tó bá ba ọ̀rọ̀ jẹ́, ṣé orin ni?'

Mo ní, 'Tíṣà, ẹ jẹun.'

Ó ní, 'Àwa la dúró síwájú Ọlọ́run, tí à ń pe ìgbà ní igbá. Ará oko ló wá sọ fún wa.'

Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ìjọba ló dá a sílẹ̀, tàbí pé òyìnbó kan ló wá kọ́ wa. Bàbá akọpẹ ló fi wá ṣe yẹ̀yẹ́, ọkọ mi sì gba yẹ̀yẹ́ náà sọ́kàn.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi etí sí bí àwọn èèyàn ṣe ń sọ̀rọ̀. Yóò jókòó síbi tí àwọn obìnrin ti ń fún epo, yóò máa gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pe ara wọn. Yóò wálé, yóò kọ ọ́ sílẹ̀ ní sólífà. Ẹ mọ sólífà? Dò, rè, mí. Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Láyé tiwa, ọmọ kíláàsì kẹta mọ̀ ọ́n. Nísinsìnyí, kọ́yà gan-an ò mọ̀ ọ́n, wọ́n á ní kí ẹ tẹ fóònù kí àwọn gbọ́ bó ṣe ń lọ.

Nígbà tí àwọn ìjọ yòókù gbọ́ orin rẹ̀, wọ́n ń wá gbà á. Ọ̀gá akọrin Ọ̀ṣọ́ọ̀rò yóò dé, yóò jókòó sínú pálọ̀ wa, yóò máa dà á kọ títí ọwọ́ yóò fi máa ro ó. Nígbà tó yá, Tíṣà rí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àfọwọ́yí kan tí wọ́n ti pa tì sínú ọ́fíìsì míṣọ̀n. Ó bẹ̀ wọ́n, wọ́n ní kó máa gbé e lọ. Ó tú u palẹ̀, ó fi epo pa á, ó tún un tò. Ó ṣiṣẹ́. Ọjọ́ tí bébà àkọ́kọ́ jáde, ó fi han Bọ́lá, ọmọ wa àkọ́bí. Bọ́lá fi ọwọ́ kàn án, yíǹkì dúdú lẹ̀ mọ́ ọmọ náà lọ́wọ́, ó sì nù ún sára ògiri. A kò nu ògiri yẹn.

Èmi ni mo ń tẹ sitẹ́ńsù, bébà onída tí a máa ń kọ́kọ́ tẹ ọ̀rọ̀ sí kí a tó fi í sínú ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ taipuráítà tí mo ń lò kò ní àmì ohùn, kò ní ẹsẹ̀ tí a ń fi sábẹ́ lẹ́tà. Òyìnbó ló ṣe é, kí ni ó kàn án? Nítorí náà, bí mo bá tẹ̀ ẹ́ tán, màá mú kálámù onírin, màá máa fi àmì sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ọwọ́ mi bá wúwo jù, bébà ya. Bí ó bá ya, mo tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Mi ò fi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ láìní àmì rí. Ẹ wá wo ohun tí ẹ ń kọ sórí fóònù yín lónìí. Ọ̀rọ̀ wà níhòhò, ojú ò tì yín.

Ohùn-Ire la pe ilé ìtẹ̀wé náà. A ń tẹ orin ìjọ, a ń tẹ orin ilé ìwé. Tíṣà ń fi kẹ̀kẹ́ gbé e lọ sí Ìkọ̀yà, sí Òde-Ayé. Ó ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ bá àwọn ará Àpọ́ì, tí wọ́n ní kó bá àwọn kọ èyí tó bá èdè tiwọn mu, ó sì jókòó tì wọ́n títí ó fi gbọ́ bí èdè náà ṣe ń rìn. Orin ọmọdé tó kọ, ohùn Ìkálẹ̀ ló fi kọ ọ́. Usu ni usu, kì í ṣe isu. Ugbó ni ugbó. Ọmọ yóò dé ilé ìwé, yóò rí ohun tí ìyá rẹ̀ ń pè nínú ilé, tí wọ́n tẹ̀ sínú ìwé. Ṣé ẹ mọ bí ojú ọmọ ṣe máa ń rí nígbà yẹn? Èmi mọ̀ ọ́n. Èmi ni mo dúró níwájú wọn.

Ó dáa. Mo fẹ́ sọ èyí tó le báyìí.

Bọ́lá kú. Ibà ni. Ó ń ṣeré lánàá, ó dùbúlẹ̀ lónìí, a gbé e lọ sí ọsibítù, a gbé e padà. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ náà, àwọn èèyàn ò pè mí ní Ìyá Bọ́lá mọ́. Wọn ò fẹ́ dá mi lóró ni. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́, wọ́n gba ọmọ lọ́wọ́ mi, wọ́n tún gba orúkọ rẹ̀ lẹ́nu aráyé.

Tíṣà kò sunkún lójú ẹnikẹ́ni. Bàbá rẹ̀ sọ fún un pé, 'Ọkùnrin ni ọ́. Òmíràn ń bọ̀.' Tíṣà ń lọ jókòó sídìí igi tó wà lẹ́yìn ilé. Òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó pè mí, ó ní kí n bá òun kọ áátò nǹkan kan. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń gbé ẹyin:

'Ẹyẹ kékeré bà, ó ti fò lọ.
Ẹ̀ka tó bà lé ṣì ń mì.'

Mi ò lè kọ áátò kankan. Mo jókòó sórí ilẹ̀. Òun náà jókòó. Ibẹ̀ la ti sunkún ọmọ wa, àwa méjèèjì, nígbà àkọ́kọ́.

A tẹ orin náà. Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́. Àwọn ìjọ gbà á, wọ́n ń kọ ọ́ níbi ìsìnkú. Bí ọmọ bá kú lọ́wọ́ ìyá kan ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀ níbí, kọ́yà yóò lọ, wọn yóò kọ 'Ẹyẹ Kékeré' fún un. Àwọn ìyá mìíràn máa ń wá bá mi nílé. Wọn yóò jókòó díẹ̀, wọn yóò lọ.

Ìgbà náà ni ọ̀gbẹ́ni kan dé láti ìlú ńlá. Ilé ìtẹ̀wé kan ló ń bá ṣiṣẹ́, ilé ìtẹ̀wé tó ń ṣe ìwé orin fún ilé ìwé káàkiri. Ó mọ́ra, ó gé irun dáadáa, ó ń dọ̀bálẹ̀ fún Tíṣà ní gbogbo ìgbà. Ó ní, 'Ẹ̀gbọ́n, irú iṣẹ́ yìí kò yẹ kó wà ní kọ̀rọ̀. A fẹ́ fi àwọn orin yín sínú ìwé ńlá. Gbogbo ọmọ Yorùbá yóò kọ ọ́.'

Ta ni inú rẹ̀ ò ní dùn? Inú Tíṣà dùn. Ó kó bébà fún un. Mo se adìyẹ fún ọ̀gbẹ́ni náà, mo fi púpurú tó kúnná fún un. Ó jẹ ẹ́ tán, ó ní ọwọ́ mi dùn. Ọlọ́run ń gbọ́, bí mo bá mọ̀ nígbà náà, omi lásán ni ì bá mu.

Ìwé náà jáde. Wọ́n kó o wá sí ilé ìwé wa, wọ́n ní òun ni kí a máa fi kọ́ àwọn ọmọ. Mo ṣí i níwájú kíláàsì. Mo rí orin oko tí Tíṣà kọ. Wọ́n ti yí usu padà sí isu. Wọ́n ti yí ugbó padà sí igbó. Ọmọ kan nawọ́, ó ní, 'Tíṣà, ṣé èyí tí a ń kọ tẹ́lẹ̀ kò dáa ni?' Kí ni kí n sọ fún un? Pé ẹnu ìyá rẹ̀ kò dáa?

Mo ń ṣí i lọ. Mo dé ojú ewé kan. 'Ẹyẹ Kékeré' ni mo rí níbẹ̀. Wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ mìíràn kún un, ẹyẹ ń jẹ àgbàdo, ẹyẹ ń mu omi. Wọ́n ya àwòrán ẹyẹ sí i. Wọ́n kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé kí àwọn ọmọ máa pàtẹ́wọ́ kí wọ́n sì máa fò bí ẹyẹ. Lábẹ́ àkọlé, níbi tí orúkọ ẹni tó kọ orin máa ń wà, wọ́n kọ 'orin ìbílẹ̀' sí i. Ó tán.

Mo pa ìwé náà dé. Mo jáde ní kíláàsì. Àwọn ọmọ rò pé ara mi ò yá.

Tíṣà wọ ọkọ̀ lọ sí ìlú ńlá náà. Mo bá a lọ. Ọ̀gbẹ́ni yẹn ti di ọ̀gá, ó jókòó sẹ́yìn tábìlì. Kò dọ̀bálẹ̀ mọ́. Tíṣà ní, 'Ẹ̀yin lẹ gba orin wọ̀nyí lọ́wọ́ mi. Ẹ kò fi orúkọ sí i.'

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, 'Ẹ̀gbọ́n, èdè yín ni, àṣà yín ni. Orin ìbílẹ̀ kò ní baba.'

Tíṣà ní, 'Èyí ní baba. Èmi ni. Ó ní ìyá, òun ló jókòó yìí. Ó ní ọmọ, ọmọ náà sì ti kú.'

Mo rò pé ọkùnrin náà máa sọ pé ẹ má bínú. Ó fa àpótí tábìlì rẹ̀, ó mú ẹ̀dà kan ìwé náà, ó fi lé Tíṣà lọ́wọ́. Ó ní, 'Ẹ mú un, ọ̀fẹ́ ni.'

Ẹ gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín. Bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé nǹkan kan kò ní baba, ẹ kọ́kọ́ wo inú àpò onítọ̀hún. Ó ṣeé ṣe kí nǹkan ọ̀hún ti wà níbẹ̀.

Tíṣà fi ìwé náà sílẹ̀ sórí tábìlì. A wọ ọkọ̀ padà. Nígbà tí a dé ilé, ó ní kí n tẹ 'Ẹyẹ Kékeré' lákọ̀tun, kí n fi orúkọ Bọ́lá sí òkè pátápátá, ṣáájú àkọlé, ṣáájú orúkọ tirẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́. Ó yí ẹ̀rọ náà títí bébà tó wà nílé fi tán. Ó gbé e sórí kẹ̀kẹ́, ó ń lọ láti ìjọ dé ìjọ, ó ń fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Kì í kàn fún wọn kó lọ. Yóò dúró, yóò sọ ìtàn ọmọ náà, yóò kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ jẹ́jẹ́. Ó lọ bá àwọn Aládùúrà náà. Àwọn yẹn kì í lo bébà púpọ̀, etí ni wọ́n fi ń gba orin, nínú aṣọ funfun wọn. Màmá wòlíì kan ní Ọ̀ṣọ́ọ̀rò sọ fún un pé, 'Tíṣà, ẹ fọkàn balẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, a ò ní fi pàtẹ́wọ́.' Wọn ò sì fi pàtẹ́wọ́. Mo máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Ṣùgbọ́n ilé ìtẹ̀wé kò gbèrú mọ́. Àwọn ilé ìwé ti ní ìwé ìlú ńlá, wọn ò ra tiwa mọ́. Nígbà tó yá, fotokọ́pì dé. Ìjọ kan yóò ra ẹyọ kan, wọn yóò ṣe é fún gbogbo kọ́yà. Bí òkè bébà bá gùn jù, wọn yóò gé e dànù. Òkè yẹn ni orúkọ ọmọ mi wà. Ṣé ẹ rí i? Ẹni tó ń gé e kò mọ̀ pé òun ń gé ènìyàn.

Tíṣà darúgbó, ó kú. Wọ́n fi kọ́yà púpọ̀ sin ín, wọ́n sọ̀rọ̀ dídùn. Lẹ́yìn náà, àwọn ọmọ mi ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń gba àyè nínú yàrá. Ẹni tó ń ra irin dé, wọ́n gbé e fún un nígbà tí mo lọ sọ́jà. Bàbá yín wà níbẹ̀. Ẹ padà lọ sọ fún un pé mo sọ bẹ́ẹ̀, fóònù náà sì gbọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀. Kò tíì pẹ́ tí a sin ọmọ kan ní ìjọ wa. Mo jókòó síbi tí mo máa ń jókòó. Kọ́yà dìde. Wọ́n ti ní ẹ̀rọ kan báyìí tó ń gbé ọ̀rọ̀ orin sára ògiri. Mo wo ògiri, 'Ẹyẹ Kékeré' ni. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, 'A kò mọ ẹni tó kọ ọ́.' Ní Òkìtìpupa yìí. Nínú ìjọ tí Tíṣà ti darí kọ́yà. Èmi sì jókòó, mo ń mí.

Ẹni tó ń lu ìlù bẹ̀rẹ̀ sí í lù ú kíákíá. Wọ́n ń mi ara. Ìyá ọmọ tó kú sì jókòó níwájú.

Mo dìde. Ọmọ tó jókòó tì mí fà mí láṣọ, ó ní, 'Màmá, ẹ jọ̀ọ́.' Mo gba aṣọ mi. Mo ní, 'Ẹ dúró.' Ohùn mi ò pariwo, ṣùgbọ́n tíṣà ni mí. Wọ́n dúró. Mo ní, 'Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ ẹni tó kọ ọ́, ta lẹ bi?'

Mo yíjú sí ìyá yẹn, mo sì kọ ọ́ fún un, jẹ́jẹ́, bí Tíṣà ṣe fi lé wa lọ́wọ́. Àwọn àgbà gbè é lẹ́yìn mi, lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà náà ni obìnrin náà tó sunkún. Kò tíì sunkún láti àárọ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ọ̀gá akọrin wá sílé, ọmọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Gbénga. Ó kúnlẹ̀. Ó ní, 'Màmá, ẹ má bínú. Bẹ́ẹ̀ la ṣe rí i lórí íńtánẹ́ẹ̀tì.'

Mo ní, 'Gbénga, ojú ilé mi lo máa ń gbà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.'

Ó dojú bolẹ̀. Mi ò ní kó dìde kíákíá. Ó pẹ́ kí n tó ní kó dìde.

Wọ́n ti kọ orúkọ Tíṣà sára ògiri báyìí. Inú mi ò tíì rọ̀. Wọ́n fẹ́ fún mi ní àmì ẹ̀yẹ, mo ní kí wọ́n mú un lọ. Ohun tí mo gbà ni pé kí àwọn kọ́yà wá síbí kí n kọ́ wọn. Wọ́n wá. Nígbà tí a kọ ọ́ tán, tí àwọn yòókù ti ń wá bàtà wọn, ọmọbìnrin kan jókòó síbẹ̀. Ó ní, 'Màmá, báwo ni Bọ́lá ṣe rí?'

Ẹ̀yin ọmọ mi, ó ti pẹ́ tí ọmọ náà ti kú. Gbogbo àwọn tó kọ orin rẹ̀, gbogbo àwọn tó tà á, tó gé e, tó lu ìlù sí i… kò sí ẹnikẹ́ni tó bi mí bẹ́ẹ̀ rí. Mo ní kó sún mọ́ mi. Mo sọ fún un pé aláriwo ni, pé ó máa ń gbé ọmọọlangidi pọ̀n, pé ó fẹ́ràn kí ó máa jó lójú òjò.

Ayé ti yàtọ̀. Nǹkan gbogbo ti yá, gbogbo ènìyàn ló ń kọrin, kò sẹ́ni tó dúró. N ò lè dá ayé padà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ tèmi, èyí ni mo ní kí ẹ mú lọ. Kí ẹ tó la ẹnu kọ orin ẹlòmíràn, ẹ kọ́kọ́ béèrè ẹni tó fi ẹkún bí i.